Gbólóhùn Méje

Gbólóhùn méje ni ìjọba tẹ̀ sára káàdì tí ọmọ ogun fi ń kọ̀wé sílé, ọmọ ogun kò sì gbọdọ̀ ní ìkẹjọ. Ara mi le. Mo fara gbọgbẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń san. Mo wà ní ilé ìwòsàn. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Mo rí ẹrù yín gbà. N kò tíì gbúròó yín. Màá kọ̀wé láìpẹ́. Èyí tí kò bá bá ọ̀rọ̀ ẹni mu, kí ó fa ìlà sí i nínú, kí ó kọ orúkọ àti ọjọ́ sísàlẹ̀, ó parí. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, wọn yóò ya káàdì rẹ̀ dànù. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó sọ pé ebi ń pa mí, kò sí èyí tó sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, kò sì sí èyí tó béèrè bóyá ọmọ tí mo fi sílẹ̀ nínú oyún ti ń rìn.

Agéwèé mọ gbólóhùn méjèèje bí ẹní mowó, nítorí òun ló ń gé wọn. Nílé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́, káàdì mẹ́rìnlélógún ló máa ń wà lójú tákàdá kan. Yóò to tákàdá jọ sábẹ́ ọ̀bẹ ńlá, yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè dọ́gba, yóò fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ fa apá ọ̀bẹ wálẹ̀, yóò sì fi okùn di wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú kókó kan tí kò sí ẹlòmíràn nílé iṣẹ́ náà tó ń ta irú rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gé wọn. Nínú gbogbo èyí tó gé, márùn-ún péré ló padà wọlé rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn sì ti pé oṣù méje.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ìkẹfà wà lórí tábìlì wọn. Tàdáwà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Má fẹnu fẹ́ ẹ," ni ó sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀. "Yóò ràn. Jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọbìnrin náà. Ọwọ́-Ẹ̀rọ ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é, gbogbo ọgbà ilé sì gbà á lẹ́nu bàbá náà, nítorí ohun tí ojú ọmọ yìí bá rí lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti wo orúkọ bàbá rẹ̀ lára káàdì àtijọ́, ó sì ti kọ ọ́ sára èyí, tòun ti ìrù tí bàbá náà máa ń fà sí ìdí orúkọ rẹ̀ bí eyín ayùn, torí pé káfíńtà ni. Òǹtẹ̀ àwọn ológun ló gba àkókò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi abẹ gbẹ́ ẹ sí gìgísẹ̀ sílípáàsì rọ́bà kan, abẹ sì gé e látẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì fúnra rẹ̀, inú àwọn tí ọ̀bẹ gé wọ́, tí wọ́n máa ń kó lọ sun, ni ìyá rẹ̀ ti yọ ọ́, tó fi gèlè wé e wálé.

"Ó ku ọjọ́, Màámi. Ṣé kí n kọ oṣù kẹrin?"

Òfin ọ́fíìsì oúnjẹ kò ṣòro yé. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni aya ọmọ ogun ń lọ pààrọ̀ káàdì oúnjẹ. Èyí tó bá mú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí lẹ́tà náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà, yóò gba káàdì tuntun. Èyí tí orúkọ ọkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé àwọn òkú, ojú fèrèsé níbẹ̀ ni wọn yóò ti sọ fún un, wọn yóò sì fún un ní káàdì opó. Ìjọba kì í rán ìròyìn ikú sílé mọ́. Wọ́n ní ẹkún àárín ìgboro ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èyí tí kò mú lẹ́tà wá, tí wọn kò sì rí ọkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn òkú, wọn yóò kọ "Àìmọ̀" sórí orúkọ rẹ̀, wọn yóò gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọkọ náà yóò fi wà láàyè tàbí tí yóò fi kú bí ó ti yẹ. Ilé méjì ló jẹ́ Àìmọ̀ ládùúgbò wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti tú ilẹ̀kùn rẹ̀ tà fún ẹni tó fẹ́ igi ìdáná.

"Oṣù kẹrin yóò gbé wa kọjá lónìí nìkan," ni Agéwèé wí níkẹyìn. "Tó bá di oṣù kọkànlá, a óò tún jókòó sídìí tábìlì yìí, ìwọ pẹ̀lú abẹ, èmi pẹ̀lú ìwé tí mo jí. Àyà mi kò lè gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Kọ ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ. Kó bá wa pẹ́ díẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni."

Ọmọ náà kọ ọ́. Ó fa ìlà sí gbólóhùn márùn-ún nínú, ó fi méjì sílẹ̀: Ara mi le. Màá kọ̀wé láìpẹ́.

Wọ́n fẹ́ gbé káàdì pamọ́ kí Ìyá Àgbà tó ti ìdí omi dé. Ìyá ọkọ ni Ìyá Àgbà jẹ́ sí Agéwèé. Àádọ́rin ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yá, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo ọgbà ilé yóò ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó mú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dúró kó jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré ilé, ẹni ọdún méjì ààbọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni pète. Káàdì ni gbogbo ohun tí ọmọ yìí mọ̀ nípa bàbá rẹ̀. Bó bá ti rí i, "Bàbá" ló ń pè é. Ìyá Àgbà ń sọ garawa kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Kékeré gba abẹ́ apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá, tó fa káàdì lórí tábìlì, tó sì gbé e sókè.

"Bàbá dé!"

Ìyá Àgbà dúró. Omi inú garawa ṣì ń mì.

"Ó dé? Lónìí? Ta ló mú un wá?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ ló dáhùn:

"Akólẹ́tà ni, Ìyá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ pọn omi ni ó wọlé."

Agéwèé bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ kan tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀.

"Kà á fún mi, ọkọ mi. Má fo nǹkan kan o."

"Ara mi le. Màá kọ̀wé láìpẹ́."

"Tún un kà."

Ọmọ náà tún un kà. Ìyá Àgbà gba káàdì, ó gbé e lé àyà, ó sì yí padà sí ọgbà ilé kí ẹnikẹ́ni tó di í mú. "Ẹ̀yin ará ilé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ mi ti dàwátì! Ẹ wá gbọ́, ara ẹ̀ le!"

Ní ọgbà ilé, Alágbàfọ̀ ń sá aṣọ ogun sórí okùn. Opó ni. Aṣọ àwọn ológun ló ń fọ̀ jẹun, ó sì ti so ìdí okùn rẹ̀ mọ́ ìṣó kan lára òpó ẹnu ọ̀nà ilé Agéwèé láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kan tó ṣẹ́kù fún un.

"Akólẹ́tà wo?" Alágbàfọ̀ béèrè. "Láti ìdájí ni mo ti wà lẹ́nu géètì yìí. Àbí ojú ọ̀run ló gbà wá?"

"Ojú ẹ ò ríran dáadáa mọ́, ọṣẹ ti fọ̀ ọ́," ni Ìyá Àgbà fèsì. "Tèmi ṣì ríran. Wo ìrù orúkọ yẹn. Ayùn ọmọ mi nìyẹn!"

Onígbàjámọ̀ gba káàdì, ó wò ó, ó dá a padà. "Ayùn ẹ̀ ni lóòótọ́, Ìyá. Ẹ kú oríire. Bó bá dé, ẹ ní kó wá bá mi ṣe ẹsẹ̀ kejì, igi tí mo ní nílé kò burú."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀. Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Agéwèé jáde láti gba káàdì lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, Alágbàfọ̀ fa apá rẹ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ tó tutù.

"Fi nǹkan yẹn sílẹ̀ kó o lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ti bá ẹ sọ ọ́ rí. Bí wọ́n bá ní ó ti kú, ó ti kú. Wàá sunkún, wàá gba káàdì opó, ife ẹ̀wà méjì ló fi ju tìẹ lọ. Èmi náà lọ lọ́wọ́ òfo."

"Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ ńkọ́?"

Alágbàfọ̀ fún ṣòkòtò kan títí omi fi tán lára rẹ̀, ó sì tún ń fún un.

"Mo bi ọ́ ni," Agéwèé wí. "Bí wọ́n bá ní Àìmọ̀ ńkọ́? Ìlẹ̀kùn wo ni kí n tú tà? Èyí tí okùn ẹ wà lára òpó ẹ̀?"

"Ẹyin lohùn, Agéwèé. Ìyá Àgbà ti jẹ́ kó bọ́. Ohun tó o bá fẹ́ ni kó o ṣe."

Agéwèé fi káàdì sínú gèlè. Ó fa ọwọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ, nítorí òfin ní kí ọmọ kan, ó kéré tán, yọjú kí wọ́n fi mọ̀ pé ẹnu wà nílé tó ń jẹun. Ilé ìtẹ̀wé ti yọ̀ǹda ààbọ̀ ọjọ́ fún un, wọn yóò sì gé e lára owó oṣù rẹ̀.

Ìlà àwọn obìnrin ti yí ilé ọ́fíìsì náà po kí wọ́n tó dé. Lára ògiri, ìwé gàdàgbà kan wà tí Agéwèé mọ ọ̀bẹ tó gé e: GBOGBO WA LA JỌ Ń JA OGUN YÌÍ. Lábẹ́ ìwé náà, láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, alásè ilé alága ìlú ń gba bọ́tà agolo mẹ́rin àti ìyẹ̀fun funfun àpò kan. Kò tò sórí ìlà. Kò sẹ́ni tó béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wò ó, ọmọ ogun ni alága náà," ni obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n wí. "Ikùn ẹ̀ ló fi ń jagun."

"Ogun ń tẹ̀ síwájú nìyẹn, torí ikùn náà ti yọ síwájú," ẹlòmíràn dáhùn, ẹ̀rín sì gba ìlà kọjá bí afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó sì tán. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ojú fèrèsé. Káàdì opó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà là fún un láti kọjá. Ó ń rìn bí ẹni tó ru omi kíkún, tí kò fẹ́ kó dà.

Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀dọ́ ni, ó tín-ín-rín, òwú ló fi so apá kan awò ojú rẹ̀. Ó kí wọn káàárọ̀. Ó gba káàdì, ó wo òǹtẹ̀, ó wo orúkọ, ó sì da ọjọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé pẹlẹbẹ iwájú rẹ̀, nítorí òfin iṣẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí obìnrin bá mú wá, kí wọ́n tó ṣí ìwé ńlá àwọn òkú.

"Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ," ó wí bó ti ń kọ ọ́. "Èyí tuntun gan-an. Inú yín á dùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

Ó ṣí ìwé ńlá. Ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ewé, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró. Ó gbé ìka sókè, ó yẹ nọ́ńbà wò, ó tún gbé e padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń nù ún fún àkókò tó gùn ju èyí tí awò ojú ń gbà.

"Màdámù, ta ló mú káàdì yìí wá fún yín?"

"Akólẹ́tà ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbà á?"

Akọ̀wé wo ìlà tó wà lẹ́yìn Agéwèé, ó wo ẹnu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀, ó sì yí ìwé ńlá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjú sí i. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò ní ìrù ayùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé rèterète: Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà. Ó kú sójú ogun.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ yára kàwé ju ìyá rẹ̀ lọ. Agéwèé mọ ìgbà tí ọmọ náà kà á tán, nítorí ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Ẹni tó kú ní oṣù kẹfà kì í kọ káàdì ní oṣù kẹjọ," ni akọ̀wé wí pẹ̀lẹ́. "Mo ti kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀, n kò lè pa á rẹ́, nọ́ńbà wà lára ewé. Nítorí náà, ọ̀kan nínú ohun méjì ni. Bí ọkọ yín bá kọ ọ́, a jẹ́ pé kò kú. Ó sá, ó sì jẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ àwọn òkú. Bí kì í bá ṣe òun ló kọ ọ́, ẹ sọ ẹni tó kọ ọ́ fún mi."

Bó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọmọbìnrin náà. Tàdáwà wà ní àtàǹpàkò àti ìka kejì. Ojú ọgbẹ́ abẹ méjì wà látẹ́lẹwọ́.

Ẹni tó bá ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ ológun, ọdún mẹ́ta nílé iṣẹ́ ẹ̀tù ìbọn ni. Gbogbo ìlú mọ àwọn ọmọbìnrin tó ti ibẹ̀ bọ̀. Irun wọn máa ń pọ́n bí irin tó dípẹtà, eyín wọn a sì máa mì. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní ìka tí wọn yóò fi ka iye eyín tó kù.

"Ká ní lọ́wọ́ òfo lẹ wá ni," akọ̀wé tún wí, kò sì parí rẹ̀. Ó ti fa dúrọ́ọ̀ jáde láìmọ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń ṣe bí ìka rẹ̀ bá ti dúró lójú irú ìlà bẹ́ẹ̀. Káàdì opó wà nínú rẹ̀, wọ́n dì wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Agéwèé wo okùn wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́wọ́ òsì.

Ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wọ abẹ́ ìborùn, ó sì dì í mú níbẹ̀.

"Ọkọ mi ló kọ ọ́."

"Màdámù, ẹ fara balẹ̀."

"Ọkọ mi ló kọ ọ́, ọ̀gá. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀."

Akọ̀wé dúró díẹ̀ sí i, bóyá obìnrin náà yóò tún un sọ lọ́nà mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó gbé rúlà lé ìwé ńlá, ó fa ìlà kan ṣoṣo gba inú Ó kú sójú ogun, tí ó tọ́ tí kò sì nípọn jù, ó sì kọ gbólóhùn kékeré mìíràn sókè rẹ̀: Ó sá. Ó mú káàdì oúnjẹ wọn, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì. Ó sọ ìyókù láìgbé ojú sókè: pé ẹbí ìsáǹsá kì í fọwọ́ kan ìwé àwọn ológun, kí ó má padà sí ilé ìtẹ̀wé, pé wọn yóò wá sàmì sí ilẹ̀kùn wọn kí oòrùn tó wọ̀. Ó mú káàdì onígbólóhùn méje, ó fi sínú àpòòwé. Ẹ̀rí ni.

"Ẹni tó kàn," ó wí.

Wọ́n ti rìn kọjá òpópónà méjì kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n padà lọ sọ fún un."

"Sọ kí ni?"

"Pé èmi ni. Pé Bàbá ò sá."

"Bàbá ẹ ti kú." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Agéwèé, ó sì jáde bí ọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. "Ọ̀tá pa á lẹ́ẹ̀kan. Èmi pa á lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo ní kó o kọ oṣù kẹjọ. Oṣù kẹrin lo wí. Ìwọ lo wí oṣù kẹrin. Má jẹ́ kí n pa ìwọ náà mọ́ ọn."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Agéwèé fi etí ìborùn nù ún lójú, ó nù ún kíkankíkan, bí ẹni ń nu tábìlì. "Dákẹ́. Opó ló ń sunkún. Aya ìsáǹsá kò ní òkú. Bí wọ́n bá rí omi lójú wa, wọn yóò bi wá pé ta la ń sunkún rẹ̀."

"Ṣé a ò ní sọ fún Ìyá Àgbà?"

"A ò ní sọ."

"Èwo nínú ẹ̀ ni a ò ní sọ?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ológun méjì ti ṣáájú wọn délé. Ọ̀kan gbé agolo ọ̀dà funfun dání, èkejì ti yẹ abẹ́ ibùsùn wò, ó yẹ inú àpótí irinṣẹ́ káfíńtà wò, ó sì ti jáde. Onítọ̀hún tó mú búrọ́ọ̀ṣì ti kọ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ sára ilẹ̀kùn. Gbogbo ará ọgbà ilé dúró, wọ́n ń wò ó. Ìyá Àgbà wà lẹ́bàá rẹ̀ gan-an, Kékeré lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ojú tẹ̀lé búrọ́ọ̀ṣì náà.

"Ọmọ mi, kí lẹ̀ ń kọ sí wa lára ilẹ̀kùn? Mi ò kàwé."

"Ìsáǹsá ni, Ìyá. Ọmọ yín sá lójú ogun."

Àwọn ará ọgbà ilé ń retí igbe. Onígbàjámọ̀ tilẹ̀ ti na ọwọ́ síwájú kí arúgbó náà má bàa ṣubú. Ìyá Àgbà wo lẹ́tà náà, ó wo ológun, ojú rẹ̀ sì ń là díẹ̀díẹ̀.

"Ó sá? Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ló fi sá?"

"Ìyá, ẹ̀sín ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín."

"Mo ní, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ pé?"

Èsì ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ológun náà. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ń sáré! Ọmọ mi ń sáré níbì kan! Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tó pa òwe yẹn, kò bímọ. Kọ ọ́, ọmọ mi. Kọ ọ́ kó tóbi."

Ológun kọ ìyókù. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Onígbàjámọ̀ gbé ara rẹ̀ dìde lórí ọ̀pá, ó sì rìn lọ bá Agéwèé níbi tó dúró sí.

"Èmi àti ọkọ ẹ la jọ wà nínú kòtò kan fún oṣù mẹ́rin," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń dá nìkan sọ̀rọ̀ lọ. "Òun ló gbé mi jáde. Ó lè sá lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ti ṣófo, kò sá. Káfíńtà ò mọ̀ ọ́n sá, Agéwèé."

Agéwèé wo ilẹ̀. Onígbàjámọ̀ wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì rántí ìrù ayùn tó rí lára káàdì láàárọ̀. Ó yí ọ̀pá padà, ó wọ ilé tirẹ̀, kò sì ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ariwo.

Alágbàfọ̀ ló kù. Aṣọ àwọn ológun kò gbọdọ̀ kan ilé tí wọ́n sàmì sí. Bí wọ́n bá rí i, iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ká aṣọ, ó tú okùn lára ìṣó ẹnu ọ̀nà wọn. Kókó náà ti pẹ́, kò tètè tú. Ìgbà tó tú, ó wé okùn mọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó fi ìṣó sílẹ̀.

Ìyẹ̀fun dúdú ìkòkò kan ló kù nílé, èyí tí èèpo pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìyẹ̀fun lọ. Agéwèé rò ó pọ̀ mọ́ omi gbígbóná kó lè wú. Ìyá Àgbà ló pín in, torí pé òun ló máa ń pín in. Àwo márùn-ún ló tò.

"Ìyá, mẹ́rin la jẹ́," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ wí.

"Mo mọ iye tí a jẹ́, olówó orí mi. Ẹni tó ń sá kì í gba ọ̀nà tààrà. Ebi yóò ti pa á kó tó dé." Ó bu díẹ̀ nínú tirẹ̀, ó bu díẹ̀ nínú ti Agéwèé, ó fi kún àwo karùn-ún, ó dé e, ó sì gbé e sí etí ààrò níbi tí ooru ṣì wà. "Ìyàwó, o ò sọ̀rọ̀. Ṣé ojú ń tì ẹ́ ni? Má jẹ́ kó tì ẹ́. Èmi ò tijú."

"Ojú ò tì mí, Ìyá."

"Wọ́n ti gba káàdì ẹ̀ lọ́wọ́ yín?"

"Wọ́n ti gbà á."

"Kò burú. Ọmọ yìí ti mọ̀ ọ́n lórí. Kà á fún mi, ọkọ mi."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ wo ìyá rẹ̀. Agéwèé ń jẹun. Ó ń gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu, ó ń gbé e bọ̀, kò sì gbójú sókè.

"Ara mi le," ni ọmọ náà wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Màá kọ̀wé láìpẹ́."

"O rí i?" Ìyá Àgbà wí. "O rí i báyìí?"

Kékeré ti jẹ tirẹ̀ tán. Ó ti fi ìka lá àwo, ó sì ti yí i dojú bolẹ̀ wò bóyá nǹkan kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sí etí ààrò, ó tọ́ka sí àwo tí wọ́n dé.

"Ti ta ni?"

"Ti Bàbá ni," ìyá àgbà rẹ̀ dáhùn. "Má ṣí i o."

Ọmọ náà kò ṣí i. Ó jókòó tì í, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ìdérí rẹ̀, ó sì fi wọ́n síbẹ̀.

"Bàbá gbóná," ó wí.